Lúùpà tàbí tíráàkì: ìdáhùn fún afọnfèrè kan ní Ọ̀fà

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀fà ni mò ń gbé, fèrè sakisofóònù ni mò ń fọn. Èmi nìkan ni mò ń lọ òde: ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, ìsìnkú àgbà, àti hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìlọrin nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Tíráàkì, ìyẹn orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wà lórí fóònù ni mo fi ń ti fèrè lẹ́yìn. Lóde kan ní Òmù-Àrán, bàbá kan sọ ọ́ sí mi lójú pé ẹ̀rọ ló ń ṣeré, pé èmi kàn ń bá a rìn ni. Ó dùn mí. Mo ti ń wo àwọn tó ń lo lúùpà lórí YouTube, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí ohun tí wọ́n bá fọn á máa tún ara rẹ̀ sọ. Ṣé kí n ra á, kí n pa tíráàkì tì?"

Àbúrò mi, ìdáhùn náà kò gùn, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Má pa tíráàkì tì. Bí owó bá wà, ra lúùpà, máa fi kọ́ra nílé, máa gbé e lọ hòtẹ́ẹ̀lì. Òde ìgbéyàwó, fi í sílẹ̀ ná.

Ti bàbá Òmù-Àrán yẹn, gbé e kúrò lọ́kàn. Bó o bá torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ra lúùpà, ẹlòmíràn á tún bi ọ́ pé kí ló dé tó ò ń janlẹ̀ bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Ọ̀fà tó ò ń gbé yẹn ni wọ́n ti bí I.K. Dairo ní 1930. Òun náà gbé akọ́díọ̀nù òyìnbó wọ inú jùjú, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè lónìí pé ta ló ni ẹ̀rọ. Àwọn tó wà lóde kì í sanwó torí ọ̀nà tí orin gbà jáde. Wọ́n ń sanwó kí orin lè bá wọn lẹ́sẹ̀ mu, kí fèrè sì kí ìdílé wọn dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kó o fi yẹ irinṣẹ́ méjèèjì wò ni èyí: ta ló ń pinnu ìgbà tí orin máa parí? Níbi tí àwọn èèyàn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé wá jókòó, olórin ni. Lóde tiwa, ẹni tó ń jó ni, pẹ̀lú ẹni tó ń náwó fún un.

Wo bó ṣe máa ń rí. Ẹ wà ní họ́ọ̀lù kan ní GRA Ìlọrin. Ìyá ìyàwó ti jáde sójú agbo, tíráàkì rẹ tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin ti ń lọ. Ó ku bí ìdajì ìṣẹ́jú kó parí ni àbúrò ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni bá a ṣẹ́ owó, ó ń tú ìdì rẹ̀ bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọ aṣọ ẹbí kan náà dìde tẹ̀ lé e. Ibi tí agbo ti wá gbóná gan-an ni tíráàkì fi kọ́ọ̀dù ìparí dì í, ó dákẹ́. O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún un tẹ̀, ó sì lọ mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, níbi tí kíbọ́ọ̀dù nìkan ti ń rọra ṣeré. Kó tó dé ibi ìlù, owó ti padà sínú báàgì. (Mo mọ̀ pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ fífọ́n náírà lójú agbo di ẹ̀ṣẹ̀, EFCC sì ti gbé àwọn kan lọ ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Àwọn ìdílé kan ti ń lo àpòòwé báyìí. Ijó náà kò torí ìyẹn kúrú sí i.)

Ìdí nìyẹn tí àwọn oníkíbọ́ọ̀dù fi gba òde lọ́wọ́ àwa tí à ń fọn fèrè tàbí ta gìtá. Yamaha PSR wọn ní ìlù àti béèsì nínú, tó ń bá ọwọ́ òsì wọn lọ. Bí wọ́n bá di kọ́ọ̀dù kan mú, ìyẹn ohùn mélòó kan tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, ìlù náà kò ní dákẹ́ títí wọ́n á fi tẹ bọ́tìnì ìparí. Ìyá ìyàwó lè jó ìṣẹ́jú méjì, ó lè jó ogún ìṣẹ́jú, kò kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ orúkọ lúùpà rí, bẹ́ẹ̀ ohun tí lúùpà ń ṣe ni wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan lúùpà: o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ń gba ohùn sílẹ̀. O tún un tẹ̀, ó ti gé e síbẹ̀, ó sì ti ń dá a padà láti ìbẹ̀rẹ̀. O tún un tẹ̀, o ń fi ohùn mìíràn lé e lórí. Kì í ṣe nǹkan àná. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni Terry Riley, olórin Amẹ́ríkà kan, ti ń fi ẹ̀rọ téèpù méjì ṣe irú rẹ̀, tí téèpù kan ṣoṣo ń ti inú ẹ̀kíní kọjá sínú èkejì. Robert Fripp àti Brian Eno, àwọn olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde lọ́nà yẹn ní 1973. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Line 6 gbé pédà DL4 jáde ní 1999, lúùpù inú rẹ̀, ìyẹn ohùn tó ń yípo, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 14 péré. Lónìí, lúùpà RC-1 ti Boss, tí àtẹ́lẹwọ́ gbà, ń gba ìṣẹ́jú 12. Ed Sheeran tí gbogbo wa túbọ̀ mọ̀ nígbà tó bá Fireboy kọrin ní 2021, òun nìkan pẹ̀lú gìtá àti lúùpà ló ti fi ń kún pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, nínú ìrìn-àjò orin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ó kó àwọn olórin mìíràn sẹ́yìn fún àwọn orin kan. Bí ọ̀gá lúùpà fúnra rẹ̀ bá mọ ibi tí kò ti tó, ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n.

Wàá ní nígbà tí lúùpà kò mọ òpin, ṣebí òun gan-an ló yẹ òde ìgbéyàwó? Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé lúùpù kò sí nílẹ̀ kó o tó débẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́ ọ lójú wọn. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Orin tó ń lọ ní ìlù 100 ní ìṣẹ́jú kan, bar mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlù mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá 9.6 ni. Bó o bá fẹ́ fi sẹ́kẹ́rẹ́ lélẹ̀, kó o fi béèsì lé e, kó o fi fèrè méjì ṣe kọ́ọ̀dù lé ìyẹn, o ti lo bí ìṣẹ́jú àáyá 40 kó o tó fọn orin kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Lórí YouTube, àwọn tó ń wò ọ́ fẹ́ rí bí ilé ṣe ń ga. Lóde, ìyàwó àti ọkọ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti múra ijó, wọ́n sì ń gbọ́ ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ nìkan. MC kò ní jẹ́ kó pé 40. Á gba ẹnu rẹ sọ̀rọ̀, á ní kí DJ bá òun gbé nǹkan sí i.

Èkejì ló burú jù fún ìwọ afọnfèrè, àwọn tó ń kọ̀wé nípa lúùpà kì í sì í sọ ọ́ torí pé onígìtá ló pọ̀ nínú wọn. Wáyà gìtá kò gbé ohun mìíràn ju ohùn gìtá lọ. Máìkì fèrè ń gbọ́ gbogbo ayé. Mo wà níbi ayẹyẹ kan ní ọ̀nà Táńkè tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń gba lúùpù rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó rẹwà, ó rọlẹ̀. Àárín rẹ̀ gan-an ni MC bọ́ sórí máìkì pé kí ẹni tó ni Camry aláwọ̀ eérú wá gbé e kúrò lẹ́nu géètì. Camry aláwọ̀ eérú wọ inú lúùpù. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni Camry ń padà wá, tí fèrè ń sunkún lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé ọ̀kan nínú àwàdà ni. Nígbà tó fi máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù, kò sì sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀ mọ́.

Bí MC bá tiẹ̀ dákẹ́, sípíkà tìrẹ náà kò ní dákẹ́. Ìpele kìíní ń jáde láti sípíkà, máìkì ń gbọ́ ọ, ó tún ń wọ inú ìpele kejì. Ìpele kẹta gba méjèèjì. Tó bá fi máa di ìpele karùn-ún, ohùn ti di ẹrẹ̀. Ohun tó ń dín in kù ni máìkì tó ń gbọ́ iwájú rẹ̀ nìkan, kí sípíkà wà níwájú rẹ kó kọ ẹ̀yìn sí ọ, kó o sì fi ohun ìgbọ́ràn sí etí kan kó o lè mọ ohun tó ń lọ láì jẹ́ pé o gbé sípíkà sókè. Nínú họ́ọ̀lù tí wọ́n ti fi sípíkà yí gbogbo ògiri ká, kò sí ẹ̀yìn kankan tí wọ́n lè kọ sí ọ.

Ẹ̀kẹta wà nínú ìlù wa fúnra rẹ̀. Kónkóló tí agogo ń lù nínú ọ̀pọ̀ orin wa, ẹ̀ẹ̀meje ni igi ń kan agogo nínú àyè méjìlá, àyè náà kò sì dọ́gba láàárín wọn. Etí gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí mọ ibi tó yẹ kó padà sí. Bó o bá ń gba kónkóló sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ pẹ́ díẹ̀ kó tó gé e, àyè méjìlá ti di méjìlá àti díẹ̀. Kò ní sá kúrò nínú ara rẹ̀ torí gbogbo ohun tó o bá fi lé e á bá gígùn tuntun yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá yípo ni á máa fẹsẹ̀ kọ níbi kan náà, arúgbó tó ń jó á sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n létí. Ohun tó ń fà á ni pé ọ̀pọ̀ wa máa ń fọn parí ká tó tẹ̀ ẹ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ìlù kìíní ti ìyípo tó ń bọ̀ ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí, kí ẹnu rẹ sì ti máa fọn ohùn àkọ́kọ́ ìyípo yẹn lọ bí ẹni pé ẹsẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń gba oṣù kó tó wọ ara. Bó o bá sì wọ agbádá, ká a lé èjìká kó o tó débẹ̀, torí etí agbádá ló máa ń bo iná pupa tó ń sọ fún ọ pé ẹ̀rọ ń gba ohùn.

Àwọn onígángan ńkọ́? O mọ̀ pé ní Ìlọrin wọn kì í dúró de ìwé ìpè. Wọ́n á wọlé, wọ́n á rí ẹni tí wọ́n mọ̀ ní tábìlì iwájú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ìlù wọn á sì máa yára bí owó bá ṣe ń bọ́ lé wọn lórí. Níbi yìí, tíráàkì àti lúùpà di ọmọ ìyá. Adití ni àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó máa yára bá onígángan. Ohun tó kù ni kó o pa ẹ̀rọ, kó o máa fi fèrè lásán bá gángan lọ. Ó sì máa ń dùn ju gbogbo ohun tó wà lórí fóònù lọ, bó o bá mọ orin ìlú dáadáa. Ibi tí lúùpà ti fi díẹ̀ sàn ni pé ẹsẹ̀ ló ń pa á. O kò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa wá fóònù kiri. Ṣùgbọ́n pédà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ wà tó lè ṣe ìyẹn fún tíráàkì náà, owó rẹ̀ kò sì tó ti lúùpà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe fún òde nìyí: gé tíráàkì rẹ sí wẹ́wẹ́. Bá oníkíbọ́ọ̀dù kan tàbí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Ọ̀fà tàbí Ìlọrin sọ̀rọ̀ kí wọ́n ṣe orin mẹ́fà, méje fún ọ, ní ohùn tó rọ fèrè rẹ lọ́rùn, dípò èyí tó ò ń fà lórí YouTube tí ẹlòmíràn ti fọn orin sí tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n gé orin kọ̀ọ̀kan sí ìbẹ̀rẹ̀, ara orin, ibi ìnáwó, àti ìparí. Gbé wọn sórí láptọ́ọ̀pù nínú Ableton Live, ètò kọ̀ǹpútà fún orin, tó ti wà láti 2001 tó sì dára jù fún irú iṣẹ́ yìí, tàbí sórí páàdì tí wọ́n ń fi igi lù bíi SPD-SX ti Roland, tàbí lúùpà ńlá bíi RC-505 tó ń gba fáìlì WAV láti kọ̀ǹpútà. Ètò rẹ̀ ni pé apá kọ̀ọ̀kan á máa yípo títí wàá fi tẹ òmíràn. Ìyá ìyàwó ń jó, ibi ìnáwó ń yípo. Ó jókòó, o tẹ ìparí. Ìwọ náà ti di oníkíbọ́ọ̀dù.

Ibi ìnáwó yẹn gan-an ni kó o fara balẹ̀ ṣe. Bar mẹ́rin tó, tàbí mẹ́jọ. Ìlù, béèsì, sẹ́kẹ́rẹ́, kó sì dúró lórí kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ á fẹ́ fi kọ́ọ̀dù mẹ́rin sí i kó lè "lọ́rọ̀", má gbà fún wọn. Bí kọ́ọ̀dù bá ń yí, orin tí kọ́ọ̀dù rẹ̀ bá a mu nìkan lo lè fọn lé e. Bó bá dúró sójú kan, o lè ti inú orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sínú orin alásàláátù, kó o tibẹ̀ bọ́ sínú oríkì àwọn Ìbọ̀lọ́, àwọn ará Ọ̀fà yín, láì yọ ẹsẹ̀. Kí wọ́n fún ọ ní WAV, má gba MP3 fún ohun tó máa yípo: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún MP3 pọ̀ máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ bíńtín sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì, bíńtín yẹn ni wàá sì máa gbọ́ bí ìkọsẹ̀ nígbà gbogbo tó bá yípo. WAV ń gba àyè, ìṣẹ́jú kan tó bíi megabyte 10, ṣùgbọ́n bar mẹ́rin kò tó nǹkan.

Àwọn ibì kan wà tí mi ò ní kó o gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì sí. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́ ni ọ̀kan. Alága ìjókòó àti alága ìdúró ló ni ọjọ́ yẹn. Ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ti ń gbé orin, ohùn tó bá wà lọ́fun wọn ni, wọ́n á sì gé e láàárín kí wọ́n lè bu owó ìtanràn lé àwọn ẹbí ọkọ. Tíráàkì wo ló fẹ́ bá ìyẹn lọ? Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, tẹ́tí sí ohùn tí alága bá gbé, wá a lórí fèrè rẹ láàárín ìlà kìíní, kó o wọlé ní ìlà kejì. Ní wòlíma nílé àwọn mìíràn ní Ìlọrin pẹ̀lú, bèèrè lọ́wọ́ ìdílé kó o tó tú wáyà rárá. Àwọn ilé kan kò fẹ́ fèrè níbẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni.

Hòtẹ́ẹ̀lì rẹ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ilé lúùpà. Kò sí MC, kò sí ẹni tó ń dúró de orin kó tó gbẹ́sẹ̀, àwọn èèyàn ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Àkókò wà lọ́wọ́ rẹ. Níbẹ̀, má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù. Fọn ohùn gígùn kan, rọra, títí èémí rẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gé e. Fi ohùn kejì tó bá a mu lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Ohùn gígùn kò ní ìlù nínú, nítorí náà bí ẹsẹ̀ rẹ bá pẹ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ariwo àwo àti ṣíbí tó bá sì wọ inú rẹ̀ á rì sábẹ́ ohùn náà. O ti ní ìbúsùn tó o lè fi fèrè rìn gbéregbère lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí ìyẹn bá ti mọ́ ọ lára ni kó o tó mú sẹ́kẹ́rẹ́ dání, kó o mì í sí ẹnu máìkì. Bó o bá fẹ́ gbọ́ ohun tí lúùpà lè ṣe tí tíráàkì kò lè ṣe láéláé, ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ ọ: orin tí kò sí rí kó tó di alẹ́ yẹn, tí kò sì ní sí mọ́ bó o bá ti pa á rẹ́.

O lè rò pé lúùpà á bá ọ gbè orin, kí ìwọ máa lé. Gbogbo wa ló ti rò ó rí. Ṣùgbọ́n gbọ́ dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, dáadáa, gbọ́ Odòlayé Àrẹ̀mú: ìlà tó ń lé kì í dọ́gba. Ọ̀kan kúrú, èyí tó tẹ̀ lé e gùn nítorí orúkọ èèyàn mẹ́ta wà nínú rẹ̀, àwọn elégbè sì ń dúró dè é. Lúùpà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí orúkọ Alhaji bá gùn, ègbè á ti wọlé lé e lórí. Èyí tó máa ṣiṣẹ́ ni kó o gba ègbè sórí páàdì tàbí ojú ọ̀nà lúùpà tó ní ètò àlùẹ̀ẹ̀kan, èyí tó jẹ́ pé bó o bá tẹ̀ ẹ́ á gbè lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́ títí wàá fi tún tẹ̀ ẹ́. RC-505 ní irú ètò yìí. Pédà kékeré alábọ́tìnì kan kò ní i.

Ọ̀rọ̀ wáyà wá kù. Àwọn pédà kékeré bíi RC-1 àti Ditto, ẹnu gìtá ni wọ́n ní, máìkì kò lè wọ̀ wọ́n tààrà. Jẹ́ kí máìkì wọ míksà. Láti ibi tí wọ́n kọ AUX SEND sí, fa wáyà lọ sí ẹnu lúùpà. Láti ẹ̀yìn lúùpà, fa òmíràn padà sí ojú ọ̀nà mìíràn lórí míksà. Ojú ọ̀nà tuntun yẹn, bọ́tìnì AUX tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní òdo. Bó o bá gbàgbé rẹ̀ sókè, lúùpà á máa gbọ́ ara rẹ̀, á sì hu débi tí wọ́n á fi máa di etí.

Ti fóònù pẹ̀lú, ohun kan wà tó ti pa ọ̀pọ̀ tíráàkì lára tí àwọn onítọ̀hún kò mọ̀ títí dòní. Bó o bá fa wáyà sítẹ́ríò kan ṣoṣo láti ẹnu fóònù, tó o lọ kì í bọ ẹnu kan ṣoṣo lára sípíkà tàbí míksà tó jẹ́ ti máìkì, apá òsì àti apá ọ̀tún orin á máa pa ara wọn rẹ́. Ohun tó wà láàárín, ìyẹn béèsì àti ìlù ńlá, ló máa ń sọnù. Wàá máa gbọ́ orin tó fúyẹ́ bí ẹni pé ó wà nínú agolo, wàá sì máa bú ilé ìgbohùnsílẹ̀. Wáyà tó pín sí ẹnu méjì ni kó o rà, kí ẹnu kọ̀ọ̀kan wọ ojú ọ̀nà tirẹ̀. Má fi Bluetooth gbé orin lọ sí sípíkà lóde, ó máa ń já. Kó o sì gbé fóònù sí ipò ọkọ̀ òfurufú, àyàfi bó o bá fẹ́ kí gbogbo họ́ọ̀lù gbọ́ ìgbà tí ìyá rẹ pè.

Iná: wọ́n á mú un, kò sí àní-àní, ní ìsìnkú àgbà ní Àjàṣẹ́-Ìpo bíi ti Ìlọrin. Láàárín ìgbà tí wọ́n bá mú un sí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gbé e, lúùpà tí kò ní bátìrì nínú á kú. Àwọn kan ń pa ohun tí wọ́n gbà mọ́, àwọn kan kì í pa á mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá tiẹ̀ pa á mọ́, o gbọ́dọ̀ tún fi ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. RC-1 ń gba bátìrì 9V. Máa fi ọ̀kan tuntun sínú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àdápítọ̀ lo fẹ́ lò, má ṣe fi ti kíbọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́ nítorí pé ẹnu rẹ̀ wọ̀. Irú pédà yìí ń fẹ́ 9V tí àárín ẹnu rẹ̀ jẹ́ òdì. Ti ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yamaha jẹ́ 12V, àárín rẹ̀ sì jẹ́ rere. Bó o bá fi bọ̀ ọ́, ó lè sun pédà náà lójú ẹsẹ̀.

Bó o bá fẹ́ ra àlòkù, kí o mú fèrè rẹ dání lọ síbẹ̀, má fi ẹnu sọ ọ́. Gba ohùn gígùn kan sílẹ̀, jẹ́ kó máa yípo, kó o fi ẹsẹ̀ (má lo ọwọ́) tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà ogún, ní kíákíá àti ní pẹ̀lẹ́. Bọ́tìnì ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára wọn: wàá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á gbọ́ ẹ̀ẹ̀mejì, èyí tó túmọ̀ sí pé á dákẹ́ nígbà tó yẹ kó gbà. Lẹ́yìn náà, gbé ohùn rẹ̀ sókè láì fọn nǹkan kan, kó o gbọ́ bóyá ó ń kùn. Bó bá kùn nígbà tí àdápítọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò sì kùn lórí bátìrì, àdápítọ̀ ni, kì í ṣe pédà. Jẹ́ kí wọ́n yọ owó díẹ̀ lórí rẹ̀, kó o gbé e lọ.